Géèmù ń dá íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa dúró

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ń ta Counter-Strike lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sáfà (kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn tí àwọn èèyàn ti ń ta géèmù náà pọ̀) báyìí, íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé á dákú. WhatsApp ò ní lọ, àfi ká pa ráútà ká tún un tàn. Dátà wa ò sì tán. Ṣé kí n ra ráútà mìíràn ni?
Ìyá kan, Kubwa, Abuja

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó, mà. Ó jọ pé ìwé orúkọ inú ráútà yín ló ń kún.

Kọ̀ǹpútà ọmọ yín á kọ́kọ́ gba àdírẹ́sì àwọn sáfà lọ́wọ́ Steam, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń ṣí géèmù náà; àwọn sáfà yìí lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Á wá máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa ka iye mílísẹ́kọ́ǹdì (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) tí èsì fi dé. Òun ni wọ́n ń pè ní ping. Ìkíni yìí kì í jẹ dátà púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo sáfà tó bá kí ni ráútà gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ géètì ẹsítéètì ṣe ń kọ orúkọ àlejò, kó lè mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ọmọ yín ló ni èsì, kì í ṣe fóònù yín. Bí sáfà ò tilẹ̀ dáhùn, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 30 lára ráútà kan, ìṣẹ́jú mélòó kan lára òmíràn. Ìwé ráútà olówó pọ́ọ́kú kì í nípọn. Tó bá ti kún, WhatsApp yín ò ríbi kọ orúkọ sí nìyẹn.

Ẹ dán an wò: kí ọmọ yín pa géèmù, kí ẹ fi ráútà sílẹ̀ ní títàn fún ìṣẹ́jú 5. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá jí fúnra rẹ̀, ìwé yẹn náà ni.

Kí ó lọ sí Settings nínú Steam, kó ṣí In Game, kó wá ibi tí wọ́n kọ pings / minute sí, kó sì yan iye tó kéré jù. Wíwá sáfà á pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ á ti máa pa rẹ́ kí tuntun tó dé. Níbi Location, lójú ewé tó ti ń wá sáfà, kí ó yan Africa tàbí Europe, kó má fi í sí All. Nínú okùn fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí kìlómítà 200 ní mílísẹ́kọ́ǹdì kan. Láti Èkó, níbi tí okùn abẹ́ òkun ti gúnlẹ̀, dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 5,000, àlọ àtàbọ̀ ò sì lè dín ní mílísẹ́kọ́ǹdì 50. Kí lẹni tó wà ní Kubwa fẹ́ fi sáfà Amẹ́ríkà tàbí Éṣíà, tó tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe?

Bó bá tún dákú lẹ́yìn èyí, ẹ lọ ra ráútà mìíràn ní Banex, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Abuja. Ẹ má béèrè bí Wi-Fi ṣe yára tó nìkan. Ẹ béèrè iye NAT session, ìyẹn iye orúkọ tí ìwé rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà.