Ìyọnu kì í ṣe ìyọ́nú

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ "ìyọnu". Ó ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò sọ pé "yọ̀" àti "inú" ló di ọ̀rọ̀ náà, pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni, ó sì dùn mí pé wọ́n ń fi gbóhùngbóhùn tan irú rẹ̀ kálẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ohùn ọ̀rọ̀ náà: "yọ̀" wálẹ̀, "inú" gòkè, bẹ́ẹ̀ "yọ" àti "nu" tó wà nínú ìyọnu ò wálẹ̀, wọn ò sì gòkè.

"Yọ" àti "ẹnu" ni. Yọ mí lẹ́nu. Èmi gbà pé òkèlè ni àwọn àgbà ń wò tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yọ òkèlè lẹ́nu rẹ ò lù ọ́, kò bú ọ, àmọ́ kò jẹ́ kí o gbé e mì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ìyá mi ń jẹ ẹ̀kọ. Ó bu ẹ̀kọ, àbúrò mi fa ìró rẹ̀. Ó tún bù ú, ọmọ tún fà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá dá ẹ̀kọ padà sórí ewé: "Ìwọ ọmọ yìí mà yọnu o! Jẹ́ kí n gbé e mì ná."

Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè yọnu láìjẹ́ ọmọ burúkú. Eyín ń yọni lẹ́nu, gbèsè ń yọni lẹ́nu. Bí onílé bá ń sáré dáná nítorí wa, a ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ti wàhálà, ọwọ́ Haúsá la ti yá a, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyọ́nú ni "yọ́" àti "inú": kí inú yọ́ síni, bí òrí ṣe ń yọ́ nínú oòrùn. Àánú ni. Láti 1875 ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, síbẹ̀ a ò ka àmì ohùn sí mọ́. Lọ́jọ́ ìbí mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí mi lórí fóònù: "Ki iyonu Oluwa maa ba yin gbe." Mo pè é, mo ní kó ka ohun tó kọ sétí mi.

Ó ka ìyọnu.