Ẹ má tíì ra rubidium: ẹ kọ́kọ́ já OCXO yín kúrò lára loop

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fara balẹ̀ ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ti fi ẹ̀rọ GPS kan, OCXO 10 MHz àlòkù (oscillator kírísítálì tó wà nínú ààrò kékeré, tó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti DAC kan (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà di fólítéèjì) ṣe GPSDO fúnra yín, ìyẹn oscillator tí GPS ń tọ́ sọ́nà. Iná Lock, tó ń sọ pé ó ti bá GPS mu, ń tàn, kọ̀ǹpútà ń sọ fún yín pé àṣìṣe rẹ̀ kò ju nanosecond díẹ̀ lọ (nanosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín gbé counter tirẹ̀ wá (ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí nǹkan ń mì), èyí tí rubidium, ìyẹn aago átọ́ọ̀mù kékeré, wà nínú rẹ̀, ẹ sì rí i pé 10 MHz yín ń gòkè, ń sọ̀ kalẹ̀, tó 0.005 Hz, kò dúró sójú kan. Ni ẹ bá ní OCXO yín ti bàjẹ́, ẹ wá ń bèèrè irú rubidium tí ẹ lè rà dípò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ yìí, kò jọ pé OCXO yín ló jẹ̀bi.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí gba oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Tèmi náà ń mì bẹ́ẹ̀, mo sì di ẹ̀bi ru OCXO. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta ń mì bíi ti àkọ́kọ́, ni mo bá lọ ra rubidium àlòkù. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi, fìtílà inú rẹ̀ ti gbó: á lock fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, á tún já. Mo ra òmíràn. Ìgbà tí èyí ṣiṣẹ́ dáadáa, tí mo gbé OCXO kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìso ó mọ́ nǹkan kan, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára. Loop tí mo kọ, ìyẹn kóòdù tó ń fi OCXO wé GPS tó sì ń gba ara DAC tún un ṣe, ló ń dà wọ́n láàmú.

Iná Lock yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ohun tí GPSDO ń ṣe ni pé ó ń fi oscillator rẹ̀ wé PPS, ìyẹn ìró kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tó ń ti ara GPS wá, ó sì ń fà á títí á fi bá PPS mu. Bí PPS bá yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, oscillator á tẹ̀lé e. Bó bá padà sósì, á tún tẹ̀lé e. Àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà máa kọ sílẹ̀ á kéré gan-an, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń mì pọ̀ ni. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí GPSDO kọ nípa ara rẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ni. Counter ọ̀rẹ́ yín ni ẹnìkejì, òun ló sì jẹ́ kí ẹ rí òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. PPS tó ń jáde lára ẹ̀rọ GPS kékeré máa ń yẹ̀ síwájú sẹ́yìn tó nanosecond 20. Ẹ kọ ọ́ pé loop yín ń ṣàtúnṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40. Ẹ pín nanosecond 20 sí ìṣẹ́jú àáyá 40: ìdá 5 nínú bílíọ̀nù 10 ló máa fún yín. Lára 10 MHz, 0.005 Hz nìyẹn. Iye tí counter fi hàn yín gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ká ní ẹ sọ 40 yẹn di 1000, nanosecond 20 kan náà ò ní ju 0.0002 Hz lọ mọ́. Ẹ ò tíì pààrọ̀ ohunkóhun, nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ yí padà nínú kóòdù.

Nanosecond 20 ò kéré o. Ní 2005, Tom Van Baak, ẹnì kan tó máa ń kó aago átọ́ọ̀mù jọ, kó aago átọ́ọ̀mù caesium mẹ́ta sínú ọkọ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n gun òkè Mount Rainier ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì lo bí ọjọ́ méjì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, àwọn aago náà ti fi nǹkan bíi nanosecond 22 ṣíwájú àwọn tó wà nílé, nítorí pé àkókò ń yára díẹ̀ lórí òkè, gẹ́gẹ́ bí Einstein ṣe sọ. Ohun tí loop yín ń lé kiri ní gbogbo ìṣẹ́jú tóbi tó ìyẹn.

Ibi tí nanosecond 20 yẹn ti ń wá náà ṣe pàtàkì, torí kì í ṣe ojú ọ̀run nìkan ló fà á. Aago kan wà nínú ẹ̀rọ GPS yẹn. Ká ní 48 MHz ni, láti ìró kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi nanosecond 21. Ẹ̀rọ náà mọ ìgbà tó yẹ kí PPS jáde, ṣùgbọ́n kò lè jù ú síta àfi kí aago yẹn ró. Nítorí náà, á yá díẹ̀ tàbí kó pẹ́ díẹ̀, bí ẹ bá sì yà á sórí ìwé, bí eyín ayùn ló máa rí. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí aago náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá. Àṣìṣe á wá dúró sí apá kan fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ìṣirò àròpín pa á rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40. Loop á gbà pé oscillator ló ṣáko lọ, á sì fà á kúrò níbi tó dára. Àwọn ẹ̀rọ GPS tí wọ́n dìídì ṣe fún àkókò, irú LEA-6T àti M8T ti ilé iṣẹ́ u-blox, máa ń sọ iye tí PPS kọ̀ọ̀kan máa fi yẹ̀. Iye náà ni wọ́n ń pè ní qErr, ẹ wò ó nínú ìsọfúnni TIM-TP tí ẹ̀rọ náà ń fi ránṣẹ́. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àmì rẹ̀: mo rò ó mọ́ ọn níbi tó yẹ kí n ti yọ ọ́ kúrò, eyín ayùn mi wá di ìlọ́po méjì, ọ̀sẹ̀ kan gbáko sì kọjá kí n tó rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ òní rèé. Ẹ já wáyà EFC (èyí tí fólítéèjì ń gbà wọ inú OCXO láti yí bó ṣe ń mì padà) kúrò lára DAC. Ọ̀pọ̀ OCXO ló ní ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Vref, tó ń mú fólítéèjì tó dúró sójú kan jáde. Ẹ fi resistor méjì pín fólítéèjì rẹ̀, kí EFC ní iye kan tí kò ní yí padà, tó sún mọ́ èyí tí DAC ń fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi rubidium ọ̀rẹ́ yín ṣe trigger oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná sójú rẹ̀; trigger ló ń sọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í yà á), kí ẹ gbé ìgbì OCXO sójú rẹ̀. Ẹ máa rí i tó ń rìn kọjá díẹ̀díẹ̀. Ìgbì kan jẹ́ nanosecond 100. Bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 1000 kí ìgbì kan tó kọjá tán, ìdá 1 nínú bílíọ̀nù 10 ni OCXO yín fi yàtọ̀ sí rubidium.

Nígbà tí mo ṣe tèmi, mo lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ojú oscilloscope níbi tí góńgó ìgbì wà, mo jókòó tì í pẹ̀lú aago ọwọ́ àti ìwé. Ìgbì àkọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú 14. Èkejì lo ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 6. Ẹ̀kẹta, 14 àti 5. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 15, díẹ̀díẹ̀ ló sì fi dé ibẹ̀. Pé ó ń rìn kì í ṣe àbùkù rárá. Kó máa rìn ní ìwọ̀n kan náà là ń wá, ohun tí OCXO dáadáa sì máa ń ṣe nìyẹn. Mo wá dá wáyà DAC padà. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí góńgó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá téèpù sọ́tùn-ún, tó tún ń padà sósì, bí ọmọ tó ń gun jangirọ́fà. OCXO kan náà, tábìlì kan náà, òru kan náà. Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè dìde.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ loop yín láti ìṣẹ́jú àáyá 300, kí ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò Allan deviation, ìwọ̀n bí aago ṣe ń dúró déédéé tó, èyí tí David Allan gbé jáde ní 1966, ẹ ya ìlà GPS àti ìlà OCXO tí ẹ ò so mọ́ loop sórí ìwé kan náà. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni kí loop yín wà. TimeLab, ètò kọ̀ǹpútà kan, máa yà á fún yín. Tèmi wá sí nǹkan bíi 900.

Bí ẹ bá ti fa loop gùn tán, ẹ̀bi àwọn nǹkan mìíràn tó ti fara pamọ́ á wá hàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ gùn báyìí. Fólítéèjì EFC ni àkọ́kọ́. OCXO mi máa ń yí padà ní 0.4 Hz fún fólítì kan. Regulator 7805 (ẹ̀yà tó ń di fólítéèjì mú) ni mo fi ṣe Vref fún DAC, ó sì máa ń yẹ̀ tó nǹkan bíi mílífólítì kan fún ìwọ̀n ooru kan. Bí yàrá bá tutù ní ìwọ̀n márùn-ún lóru, OCXO ò mọ̀, regulator ló mọ̀. Mo yọ ọ́, mo lo Vref OCXO fúnra rẹ̀.

Wáyà ground tún wà níbẹ̀, èyí sì fi mí sínú òkùnkùn pẹ́. Ààrò kékeré inú OCXO mi ń fa bíi 0.2 A nígbà tó bá ti gbóná tán. Wáyà kan ṣoṣo ni mo fi ṣe ground fún ààrò àti fún EFC. Ká ní agbára ìdènà wáyà yẹn ò ju 0.01 ohm lọ, mílífólítì 2 ti wà lórí EFC láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi síbẹ̀, 0.0008 Hz sì nìyẹn. Kò ní burú ká ní ó dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ààrò ń fa iná púpọ̀ nígbà tí yàrá bá tutù, ó ń fa díẹ̀ nígbà tó bá móoru. Mo fi wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ground EFC, láti ẹsẹ̀ OCXO gan-an, mi ò gbà kí iná ààrò gba ibẹ̀ kọjá. Ìlà tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ wá rẹlẹ̀ lójú mi báyìí.

Ẹ fi páálí bò ó kí atẹ́gùn fáànù má baà fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má dì í ní fóòmù tó nípọn. Ààrò yẹn lè mú ara gbóná, kò lè mú ara tutù. Bí ooru ò bá rí ọ̀nà jáde, kò ní lè ṣàkóso mọ́. Ẹ má sì máa pa á. OCXO tí wọ́n pa fún oṣù mélòó kan lè nílò ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó fara balẹ̀. Ẹ tún mú ibì kan fún un kí ẹ má yí i padà: mo dojú tèmi délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, 0.01 Hz ló fi yí padà lójú ẹsẹ̀, nítorí agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan sísàlẹ̀ nìkan.

Ní ti rubidium, mi ò sọ pé kò dára. Bí GPS bá já fún ọjọ́ mẹ́ta, rubidium á di àkókò mú ju OCXO lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́wàá, OCXO tó dára sábà máa ń dákẹ́ jù ú lọ. Ó ń gbóná, ó nílò irin ńlá tó máa gba ooru rẹ̀, fìtílà rẹ̀ sì ń gbó. Òun náà ò sì mọ 10 MHz tòótọ́ fúnra rẹ̀, GPS lẹ máa fi tún un ṣe. Bí ẹ bá fi loop ìṣẹ́jú àáyá 40 yìí tún un ṣe, ẹ máa bà á jẹ́ bí ẹ ṣe ń ba OCXO jẹ́ báyìí.

Nítorí náà, ẹ bẹ ọ̀rẹ́ yín kó fi counter yẹn sílẹ̀ fún yín fún ọjọ́ méjì sí i. Òru àkọ́kọ́, ẹ já EFC, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ìgbì kọ̀ọ̀kan gbà. Òru kejì, ẹ so ó padà pẹ̀lú loop 300. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye Hz tí OCXO yín ń yí fún fólítì kan, ká jọ wò ó.