Fún àbúrò tó fẹ́ lọ wa tírélà lábẹ́ òkè yìnyín

Ẹ̀yin ará Òkè-Fìà, ẹ kú àníyàn àbúrò yín. Ẹ ní ó ti ríṣẹ́ tírélà ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ẹ wá ń bèèrè bó ṣe máa mọ òkè tí yìnyín rẹ̀ lè ya bo títì. Mo ti wa tírélà lójú ọ̀nà yẹn kí n tó padà sí Òṣogbo, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta mí lára.

Títì ni àwa tí òjò tọ́ dàgbà máa ń wò, a kì í gbójú sókè. Òjò tó rọ̀ ní Òṣogbo lónìí, odò Ọ̀ṣun á gbé e lọ. Yìnyín kì í lọ. Èyí tó bọ́ ní November ṣì wà lábẹ́ ti February, bí ti ìsàlẹ̀ yẹn bá sì jẹ́ hóró-hóró tí kò lẹ̀ mọ́ra, gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ lè yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oòrùn lè máa ràn, kí títì gbẹ táútáú, kí ewu ṣì wà lókè.

Kó wo bí òkè ṣe dà gẹ̀rẹ́ sí. Áàpù tó ń wọn igun wà lórí fóònù. Dígíríì 30 sí 45 ló máa ń ya jù, nǹkan bí 38 ló sì burú jù. Kó tún wọn igun láti títì lọ sí ibi tó ga jù tí yìnyín ti lè já. Bí kò bá tó 18, ó ṣọ̀wọ́n kó dé títì. Ìgbà ooru ni kó ti ṣe èyí. Ibi tí igbó bá ti là láti òkè wá sílẹ̀, tàbí tí igi ò ní ẹ̀ka ní ìhà òkè, ojú ọ̀nà yìnyín nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ó ń gbọ́n yìnyín kúrò ní ìhà kan òkè, ó ń kó o jọ sí ìhà kejì, ó sì lè yára ju bí yìnyín ṣe ń bọ́ láti ojú ọ̀run lọ. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn le, kó kà á mọ́ ọjọ́ yìnyín. Bí ó bá bọ́ tó 30 sẹ̀ǹtímítà láàárín wákàtí 24, tàbí tí òjò rọ̀ lé yìnyín lórí, tàbí tí ooru dé lójijì, kó má bọ́ sọ́nà láìwo ìròyìn ọ̀nà.

Ibi tó ń dùn mí jù rè é. Yìnyín á ya dí ọ̀nà, àwọn ọkọ̀ á tò, dírẹ́bà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa ya fídíò. Ìjì kan náà ló kó ẹrù sórí gbogbo òkè tó wà níbẹ̀! Èyí tó ya kò sọ pé ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ní ya. Ní Rogers Pass, ibi tí títì àti ojú irin ti gba àárín òkè kọjá ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ọjọ́ 4 oṣù March 1910, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń kó yìnyín tó ya kúrò lójú irin, òmíràn bá ya láti òkè tó kọjú sí i, ó pa èèyàn tó lé ní 50. Nítorí náà, bí ìdí ìlà ọkọ̀ bá ti wà lábẹ́ ojú ọ̀nà yìnyín, kí àbúrò yín má lọ tò sí i. Kó dúró sẹ́yìn, kó tó dé pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni má dúró. Ọ̀gá tó ń pín ẹrù á máa pariwo lórí fóònù pé kó sún síwájú. Ọ́fíìsì tó gbóná ni ọ̀gá yẹn jókòó sí. Kó jẹ́ kó máa pariwo.

Ojú ọ̀nà yìnyín ju 130 lọ ní Rogers Pass yẹn. Àwọn sójà ń fi ìbọn àgbá yin òkè kí yìnyín lè ya nígbà tí títì bá ṣófo. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà, kó sùn.

Nọ́ńbà ewu 1 sí 5 tí àwọn onímọ̀ ń gbé jáde, àwọn tó ń rìn lórí òkè ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe onítírélà. Kó má rò pé 3 jẹ́ àárín méjì. 3 le gan-an. DriveBC, ìkànnì ìjọba British Columbia tó ń sọ bí ọ̀nà ṣe rí, ni kó máa wò fún títì.

Bí yìnyín bá bo ọkọ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, torí ẹnu sàléńsà á dí, èéfín á wọlé bá a. Ṣéènì táyà kò ní gbà á lọ́wọ́ yìnyín tó ń ya, ṣùgbọ́n òfin ní kó gbé e dání. Iwájú lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kí ṣọ́bìrì wà, kì í ṣe inú àpótí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí kò ní lè ṣí mọ́.