Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ Ìgbàlódé: Ṣájà, Páwà Báǹkì àti Bátìrì Fóònù

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí ló dá lórí iná fóònù. A ti yan mẹ́rin nínú wọn, a sì gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀.

Oníṣòwò aṣọ òfì kan, Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní òkè òkun fi fóònù Samsung tuntun ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n okùn nìkan ni mo bá nínú páálí rẹ̀, n kò rí orí ṣájà. Mo wá ra ọ̀kan lẹ́bàá ibùdókọ̀, wọ́n kọ 65W gàdàgbà sí i lára. Ó ń tó wákàtí mẹ́rin kí fóònù náà tó kún. Ṣé wọ́n rẹ́ ọmọ mi jẹ ni? Mo fi àwòrán ṣájà náà sínú lẹ́tà yìí.

Wọn kò rẹ́ ọmọ yín jẹ, màmá. Bí páálí ọ̀pọ̀ fóònù olówó ńlá ṣe ń wá nìyẹn báyìí. Apple yọ orí ṣájà kúrò nínú páálí nígbà tí iPhone 12 jáde ní ọdún 2020, Samsung náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Galaxy S21 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Àwíjàre wọn ni pé ṣájà ti pọ̀ nílé àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ òótọ́ ní London ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń ra fóònù ní Ọ̀fà lè má rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti kámẹ́rà tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ máa lo ihò kan náà, ìyẹn USB-C, kí oníbàárà sì lè ra ẹ̀rọ láì ra ṣájà mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́ ni pé wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnu okùn bá ti wọ ihò, iná tó tó ni yóò máa wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ki okùn bọ fóònù, òun àti ṣájà á kọ́kọ́ ná iná náà bí oníbàárà àti ọlọ́jà ṣe ń ná aṣọ ní ọjà Owódé: ṣájà á sọ iye tí òun ní, fóònù á sì mú èyí tí agbára rẹ̀ gbé. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe èyí ni USB PD. Bí ṣájà kò bá mọ ìlànà náà tàbí irú rẹ̀ mìíràn tí fóònù gbọ́, 5V ni fóònù yóò dúró sí (V, ìyẹn fólìtì, ni ìwọ̀n agbára tó ń ti iná), ìyẹn iná tí àwọn fóònù àtijọ́ ń gbà.

A fẹ àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ lójú. Lábẹ́ 65W tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ, ìlà kan wà tí lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọ̀ ike náà dọ́gba: *Output 5V 2.1A*. A, ìyẹn áńpíà, ni ìwọ̀n iye iná tó ń ṣàn; bí ẹ bá fi V sọ ọ́ di púpọ̀, W, ìyẹn wáàtì, ni ẹ ó rí, èyí tó ń sọ bí ṣájà ṣe lágbára tó. Bí ẹ bá fi 5 sọ 2.1 di púpọ̀, 10.5W ni ẹ ó rí. Gbogbo agbára ṣájà yín nìyẹn. Nọ́ńbà ńlá ni wọ́n fi ta á fún yín, nọ́ńbà kékeré ni ẹ gbé dé ilé. Lára orí ṣájà 25W tí Samsung fúnra rẹ̀ ń ṣe, ẹ ó rí 9V 2.77A, ẹ ó sì rí ìlà mìíràn tí wọ́n kọ PPS sí. PPS yìí, apá kan ìlànà USB PD tó ń jẹ́ kí fóònù máa bèèrè iye V tó fẹ́ gan-an, ni Samsung ń wò kó tó gba iná tó yára jù. Ṣájà ilé-iṣẹ́ mìíràn tó bá ní in yóò ṣiṣẹ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ṣájà Oppo tàbí OnePlus tí ẹlòmíràn lè fún yín: ìlànà tiwọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, nítorí náà èyí tó ń fún fóònù tiwọn ní 80W lè má fún tiyín ní ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Okùn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Okùn USB-C tí kò ní ṣíìpù (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ìwọ̀n tí okùn lè gbé) nínú kì í gbé ju 3A lọ. Èyí tó wá nínú páálí yín tó fún fóònù 25W, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú Galaxy tó ń gba 45W ni, ẹ nílò èyí tí wọ́n kọ 5A sí.

Bí ẹ bá wọ Ìlọrin, ẹ dé àdúgbò Challenge tí wọ́n ti ń ta fóònù, kí ẹ sì mú fóònù àti okùn yín dání. Ọlọ́jà tó mọyì orúkọ rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Bí ojú fóònù bá kọ *Super fast charging*, ẹ rà á. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ dá a padà fún un, bó ti wù kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tóbi tó. Bí lẹ́tà tín-ín-rín náà kò bá hàn sí yín, ẹ fi kámẹ́rà fóònù wò ó, ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan, Ìlọrin: Mo ń gbáradì fún Hájì. Páwà báǹkì mi jẹ́ 50,000mAh, wọ́n sì ní wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ó tún yà mí lẹ́nu pé kì í kún fóònù mi, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh, ju ìgbà mẹ́ta lọ.

Wọ́n lè gbà á lóòótọ́, Alhaji. mAh ń sọ iye iná tí bátìrì lè gbà pamọ́, ṣùgbọ́n Wh (wáàtì-wákàtí), ìyẹn gbogbo agbára tó wà nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ń wọn bátìrì nínú bàálù. Ẹ fi 3.7, ìyẹn iye V inú bátìrì, sọ mAh di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in: 20,000mAh jẹ́ 74Wh, 50,000mAh sì jẹ́ 185Wh. Èyí tí kò bá ju 100Wh lọ kò nílò ìyọ̀ǹda, láti 100 dé 160Wh ń fẹ́ ìyọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ bàálù, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ gbọdọ̀ wà, kì í ṣe inú àpótí tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìbéèrè yín kejì ló sọ irú ẹni tó tà á fún yín. Páwà báǹkì gidi ti 20,000mAh máa ń kún fóònù bíi tiyín ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta, kì í tó mẹ́rin, nítorí 3.7V inú rẹ̀ ní láti di 5V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde, ooru sì ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú tiyín kò ju ìyẹn lọ. Ẹ gbé e wò: 50,000mAh tòótọ́ tí wọ́n fi bátìrì rìbìtì wẹ́wẹ́ ṣe yóò wúwo ju ìdajì kílò lọ dáadáa, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju 3,500mAh lọ, ó sì ń tó 45 gíráàmù. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ pápákọ̀ kò ní tú u wò. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni yóò kà, irọ́ ọlọ́jà ni wọn yóò sì torí rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ fi í sílẹ̀ nílé, kí ẹ ra 20,000mAh tí Wh rẹ̀ hàn ketekete.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Tankẹ, Ìlọrin: Fóònù kan tẹ́ẹ́rẹ́ ní bátìrì 7,000mAh. Ṣé irọ́ kọ́ ni èyí náà?

Irọ́ kọ́. Ó ti pẹ́ tí gíráfáìtì, irú kábọ́ọ̀nù tó wà nínú pẹ́ńsùlù, ti jẹ́ ohun tó ń gba lítíọ́ọ̀mù sára nínú bátìrì nígbà tí fóònù bá wà lójú iná. Sílíkọ́ọ̀nù lè gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí gíráfáìtì ìwọ̀n kan náà ń gbà, ṣùgbọ́n ó máa ń wú gan-an bó bá ti gbà á, ó sì lè fọ́. Wọ́n wá ń po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù, ìyẹn ló ń jẹ́ kí bátìrì tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba iná púpọ̀. Honor lò ó nínú Magic5 Pro tí wọ́n tà ní China ní ọdún 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Ohun tuntun ṣì ni. N kò ní torí rẹ̀ nìkan ra fóònù.

Olùkọ́ kan, Ọmù-Àrán: Òru ni iná sábà máa ń dé àdúgbò wa, nítorí náà fóònù mi ń wà lójú iná títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìyàwó mi ní ohun tó ba fóònù òun jẹ́ nìyẹn, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú, ó sì ti ń ṣí.

Fóònù ìgbàlódé máa ń dá gbígba iná dúró fúnra rẹ̀ bó bá ti kún. Ooru ló ń pa bátìrì. Apple ní kí ibi tí a ti ń lo fóònù má gbóná ju 35°C lọ, oòrùn oṣù Kẹta lọ́dọ̀ wa sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, bí ètò fóònù yín bá sì gbà, ẹ ní kó dúró sí 80%.

Ní ti fóònù ìyàwó yín, ẹ má fi í sí iná mọ́ láé. Gáàsì ló kún inú bátìrì náà, bí nǹkan bá sì gún un tàbí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè gbiná. Ẹ pa fóònù náà, ẹ gbé e sórí sìmẹ́ǹtì, níbi tí ohun tó lè jó kò sí, títí ẹ ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ atúnfóònùṣe tí yóò yọ bátìrì náà. Ẹ má jù ú sí ààtàn. Àbá tí ẹ mú wá pé ẹ ó fi bátìrì náà rán awakọ̀ sí wa ní Ìlọrin kí á lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣeun, àwòrán rẹ̀ ti tó wa.