Gègé wo ni kí n rà fún tablet mi kí àmì ohùn má baà dàrú?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Oǹdó. Ọmọ mi ra tablet Samsung fún mi, Galaxy Tab A9+ ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ya fọ́tò iṣẹ́ àmúrelé wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì fẹ́ máa fi pupa yẹ̀ ẹ́ wò lórí tablet náà bí mo ṣe ń ṣe lórí ìwé. Mo ra gègé onírọ́bà kan lọ́jà. Ó ń kọ lóòótọ́, àmọ́ bí mo bá fẹ́ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, orí lẹ́tà mìíràn ló máa ń bọ́ sí, àmì abẹ́ ẹ àti ọ á sì lẹ̀ mọ́ ikùn lẹ́tà. Ẹnì kan ní kí n ra S Pen, gègé ti Samsung, ẹlòmíràn ní ti Apple ló dára jù. Owó mi ò tó èyí tí mo lè fi dánrawò. Èwo gan-an ni kí n rà?

Ìdáhùn

Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má ra S Pen o, ẹ má sì ra ti Apple. Méjèèjì ò ní kọ lẹ́tà kan ṣoṣo lórí tablet tí ẹ dárúkọ yìí, bó ti wù kí owó wọn gbówó lórí tó.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ oníbàárà wa lójú nìyẹn níbí ní Àkúrẹ́. Bírò lásán tí èèyàn bá rà ní Ọjà Ọba, ìwé yòówù kó gbé síwájú ni yóò fi kọ. Gègé ojú gíláàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Tablet fúnra rẹ̀ ló ń sọ irú gègé tí òun yóò gbọ́ tirẹ̀, nítorí náà orúkọ tablet la kọ́kọ́ ń bèèrè kí a tó na ọwọ́ sí gègé kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lábẹ́ gíláàsì náà. Wọ́n tẹ́ àwọn okùn tín-ín-rín tí ojú kò lè rí sábẹ́ rẹ̀ ní ìbú àti òòró, bí ẹni hun ẹní, iná mànàmáná díẹ̀ sì wà lára wọn. Omi àti iyọ̀ wà lára àwa èèyàn, nítorí náà ara wa ń gbé iná. Bí ìka bá kan gíláàsì, á fa díẹ̀ nínú iná yẹn, tablet á sì ṣírò ibi tó ti dín kù. Iná tí wọ́n fà ló ń kà, kì í ka bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lágbára tó. Ìdí nìyẹn tí èékánná kì í fi ṣiṣẹ́, tí ìdí bírò kì í fi ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a bó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ dán an wò, kí ẹ ṣáà nu ojú tablet lẹ́yìn náà.

Gègé onírọ́bà tí ẹ rà, ká sòótọ́, ìka kọkànlá ni. Wọ́n fi èròjà tó ń gbé iná sínú rọ́bà náà, iná á gba inú irin gègé dé ọwọ́ yín, tablet á sì rò pé ìka ló kan òun. Ẹnu rẹ̀ tóbi, ó sábà máa ń tó mílímítà 5 sí 8, torí pé ohun tó bá tín-ín-rín jù kò lè fa iná tó èyí tí tablet yóò kà sí. Ibẹ̀ ni ìyọnu yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu gègé tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ò rí ibi tí ẹ fẹ́ fi àmì sí, ńṣe lẹ̀ ń méfò.

Ṣùgbọ́n ká má fi gbogbo ẹ̀bi ru rọ́bà. Bí ìlà ṣe nípọn tó kò kan ẹnu gègé. Áàpù tí ẹ fi ń kọ ló ń pinnu ìyẹn. Ohun ìkọ̀wé tó wà nínú WhatsApp, eré ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe fún àmì ohùn. Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ tọ́jú fọ́tò náà sórí tablet, kí ẹ wá ṣí i nínú Samsung Notes. Ẹ mú ìwọ̀n ìlà wá sí tín-ín-rín jù lọ, ẹ fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò fi gba ojú tablet tán, kí ẹ wá fi àmì sí i. Bí ẹ bá dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ẹ ó rí i pé àmì náà bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ọ̀fẹ́ ni. Ìyọnu rẹ̀ ni pé bí kíláàsì bá ní ogójì ọmọ, fífẹ̀ àti dídá padà yẹn yóò sú yín kí ẹ tó dé orí ọmọ kẹwàá. Ibi tí gègé mìíràn ti wúlò nìyẹn.

Kí ló dé tí mo ní kí ẹ má ra S Pen? Láti ìgbà Galaxy Note àkọ́kọ́ ní 2011 ni Samsung ti ń lo ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ Wacom ti Japan fún un. Wọ́n tẹ́ ohun kan sí abẹ́ ojú ẹ̀rọ náà tó ń rán agbára òòfà sókè, wáyà rọ́bírọ́bí kékeré kan nínú gègé ń gbà á, ó sì ń dá a padà. Ìdí nìyí tí S Pen fi ń kọ láìlo bátìrì. Ó dáa gan-an: ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó mọ bí ọwọ́ ṣe le tàbí rọ̀, ẹ sì lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì bí ẹni kọ̀wé sínú ìwé. Àmọ́ bí wọn ò bá tẹ́ ohun yẹn sábẹ́ ojú tablet láti ilé-iṣẹ́, igi lásán ni S Pen. Wọn ò tẹ́ ẹ sínú Tab A9+. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú Tab S9, ti S Pen sínú páálí rẹ̀ pàápàá. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ni lédè, ẹ wo iṣẹ́ tí lẹ́tà kan ṣoṣo ń ṣe: A àti S. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń tajà kì í wo lẹ́tà yẹn. "Samsung ni, S Pen ni" ni wọ́n máa sọ.

Ti Apple ń kọ́? Apple Pencil jáde ní 2015 pẹ̀lú iPad Pro. iPad nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. iPhone tó jẹ́ ọmọ ìyá iPad gan-an, kò dá a mọ̀. Iye tí Apple fi lé èyí tó ń lo USB-C tó jáde ní 2023 ni dọ́là 79, ti Pencil Pro ti 2024 sì jẹ́ dọ́là 129. Ẹ fi owó dọ́là ti òní ṣírò rẹ̀, ẹ ó dúpẹ́ pé ẹ bi mí.

Àwọn àfarawé rẹ̀ wà lọ́jà, funfun báláú, owó wọn sì kéré sí ti ojúlówó. Wọ́n dára fún oní-iPad, àní mo máa ń dábàá wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí iPad wọn jẹ́ ti 2018 sókè. Ìṣòro ni pé àrokò ni gègé wọ̀nyí ń fi ránṣẹ́, iPad nìkan ló sì lè túmọ̀ àrokò yẹn. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tajà, ẹni tó ń kó ẹrù fún mi fi dá mi lójú pé gbogbo fóònù ló ń gbà á. Mo kó méjìlá. Èyí tí mo kọ́kọ́ tà, kò tíì tó wákàtí kan tí oníbàárà fi gbé e padà wá. Oṣù mélòó kan ni mo fi wá oní-iPad kiri kí n tó rí wọn tà tán.

Èyí tó yẹ yín ni gègé oníbátìrì tí kò mọ́ ti tablet kan pàtó, tí wọ́n máa ń kọ "universal" sára rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, "stylus" ni kí ẹ bèèrè o. Bí ẹ bá ní gègé, ẹ ó kàn máa wojú ara yín ni. Irú gègé yìí ní ẹnu líle tín-ín-rín, tó sábà máa ń wà láàárín mílímítà 1 sí 2. Bátìrì inú rẹ̀ ló ń fún ẹnu kékeré yẹn lágbára láti tan tablet jẹ pé ìka gidi ló kan òun. Kò nílò Bluetooth, kò ní áàpù tirẹ̀, ẹ ó ṣáà tan án ni. Ó wọ́n ju ti rọ́bà lọ, kò sì sún mọ́ owó Apple rárá. Kò mọ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ṣùgbọ́n ayàwòrán ni ìyẹn kàn; àmì ohùn ò fẹ́ ju ìlà tó dúró sí àyè rẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn kan tó ní ọ̀nà méjì nínú ara kan náà, iná àwọ̀ kan fún iPad, iná àwọ̀ mìíràn fún àwọn yòókù. Bí wọ́n bá dán an wò níwájú yín tí kò kọ, ẹ ní kí wọ́n yí i sí ọ̀nà kejì kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ gbé tablet yín dání lọ, pẹ̀lú gíláàsì ààbò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, torí gíláàsì ààbò tó bá nípọn lè mú kí gègé máa fo ibì kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fóònù tiwọn dán an wò fún yín. Ẹ ṣí ojú ewé òfìfo, kí ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá lè ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà láìmọ èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ, gègé ti yege ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rọra fa ìlà gígùn kan ní dágún láti igun kan dé ìkejì. Ọ̀pọ̀ gègé olówó pọ́ọ́kú máa ń wọ́ ìlà yìí bí ejò, torí pé ó ṣòro fún tablet láti mọ ibi tí ẹnu kékeré wà láàárín okùn méjì. Bó bá wọ́ díẹ̀, ẹ gbà á. Bó bá wọ́ gan-an, ẹ bèèrè òmíràn. Ẹ tún tẹ àmì mẹ́wàá léraléra, kí ẹ kà wọ́n. Àmì abẹ́ ọ ni gègé tí kò dára máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Kí ẹ wo inú páálí bóyá ẹnu àfirọ́pò wà níbẹ̀, nítorí ẹnu máa ń jẹ tán.

Bí ẹ bá délé, ohun méjì ló ṣeé ṣe kó dà yín láàmú. Èkíní ni àtẹ́lẹwọ́. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìka ni tablet ka gègé yìí sí, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti ọwọ́ tí ẹ gbé lé gíláàsì, pupa yóò sì máa hàn níbi tí ẹ kò kọ nǹkan sí. Áàpù kan lè ní àyè tí èèyàn ti lè pàṣẹ pé kó má ka ìka mọ́, gègé nìkan ni kó kà. Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn o, yóò pa gègé yín náà pọ̀ mọ́ ìka. Àwọn ayàwòrán ń wọ ìbọ̀wọ́ oníka méjì tó bo ẹ̀gbẹ́ ọwọ́. Aṣọ ìnujú tí ẹ ṣẹ́ po sí mẹ́rin, tí ẹ fi sábẹ́ ọwọ́, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kó ṣáà ti gbẹ.

Èkejì ni ṣájà. Bí gègé bá dédé ń fò káàkiri, tó ń kọ ibi tí ẹ kò kàn, ẹ kọ́kọ́ yọ tablet kúrò lára iná. Ṣájà tí kò dára, pàápàá lórí jẹnẹrétọ̀, máa ń da iná inú àwọn okùn abẹ́ gíláàsì yẹn rú, ìka gan-an á sì máa ṣe wérewère. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé tablet wá sọ́dọ̀ mi pé ojú rẹ̀ ti bàjẹ́, tó jẹ́ pé ṣájà ni mo ní kí wọ́n lọ pààrọ̀.

Bí owó bá wọlé lọ́jọ́ iwájú, tí ẹ sì fẹ́ gègé tó ń kọ bíi ti ìwé gan-an, tablet ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe gègé. Galaxy Tab S6 Lite tó jáde ní 2020 ní S Pen nínú páálí rẹ̀, èèyàn sì lè rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà. Kí ẹ rí i dájú pé ẹni tó ń tà á kó gègé mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni gègé wọn ti sọnù sọ́nà.

Gègé onírọ́bà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ máa nu ẹnu rẹ̀ kí iyanrìn má baà lẹ̀ mọ́ ọn ya ojú gíláàsì, pàápàá lásìkò ọyẹ́, kí ẹ sì gbé e fún ọmọ tó bá fẹ́ fi ta géèmù.