Ẹ dín eré kù kí ẹsẹ̀ yín lè yá

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀, Kóòṣì. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Súrùlérè ni mò ń gbé. Mo fẹ́ sá maratọ́ọ̀nù Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì. Oṣù márùn-ún ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń sáré lọ́sẹ̀, kìlómítà 8 sí 10, mo sì máa ń sá a débi tí èémí mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìṣẹ́jú 58 ni mo fi ń sá kìlómítà 10, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò dín. Bí mo bá kọjá kìlómítà 14, ẹsẹ̀ mi á wúwo bí òkúta. Kí ni kí n ṣe tí ẹsẹ̀ mi á fi yá, tí n ó sì lè pẹ́ lórí eré?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ó dára bí ẹ ṣe kọ iye ìṣẹ́jú yín, torí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti hàn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáde, eré kan náà ni ẹ ń sá. Ó le ju èyí tó ń kọ́ ara ní ìfaradà lọ, kò sì yára tó èyí tó ń mú ẹsẹ̀ yá. Ó kàn ń rẹ̀ yín lásán ni.

Nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn, ẹ rọra sá mẹ́ta. Bí ẹ bá pàdé ìyá oníbúrẹ́dì láàárọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè kí i dáadáa, kí ẹ béèrè ilé àti ọmọ, láìmí hẹlẹ. Fún ẹni tó ń sá bíi tiyín, ìṣẹ́jú 7 sí 7 ààbọ̀ fún kìlómítà kan ni mo fojú sí. Àwọn èèyàn á máa kọjá yín lọ. Ó máa ń dunni, mo mọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Bí eré bá rọra tó sì pẹ́, ọkàn á lágbára láti tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn inú iṣan á máa pọ̀ sí i, ara á sì mọ bó ṣe ń lo ọ̀rá. Ṣúgà tí ara fi pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kò pọ̀. Ní nǹkan bíi kìlómítà 30 ló ń tán lára ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ kìlómítà 42.195 ni maratọ́ọ̀nù. Bí eré bá ti le jù ni ṣúgà yẹn ń yára tán.

Kí ọ̀kan nínú eré rírọra mẹ́ta yẹn jẹ́ èyí tó gùn, ní òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà 14, ẹ máa fi 2 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kọ̀ọ̀kan kí ara lè tún ara ṣe. Kí ẹ ti sá 30 tàbí 32 nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa dín gbogbo rẹ̀ kù títí di ọjọ́ ìje.

Ìgbà kẹrin ni ti eré kíkankíkan, ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí oṣù kan á fi pé. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ sá mítà 800 lẹ́ẹ̀mẹfà, ìṣẹ́jú 4 ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú 3 rìn tàbí rọra sáré láàárín wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ sá ogún ìṣẹ́jú láìdúró, ní eré tí ẹnu yín ò fi ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lọ.

Ẹ má fojú kéré oòrùn. Láti pápá ìṣeré Súrùlérè ni ìje ti ń gbéra, ẹ ó gba orí afárá Third Mainland, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12 tí kò sì ní ibòji kankan, kí ẹ tó parí sí Eko Atlantic. Ara ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ ooru, nítorí náà ní oṣù tó kẹ́yìn, ẹ má máa fi gbogbo ìgbà sáré ní ìdájí.

Lórí eré tó bá ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, ẹ máa jẹ nǹkan dídùn: dàbínù mẹ́fà tàbí oyin díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi yín. Omi lásán ní àmujù máa ń dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ewu ńlá ni. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò ní Sátidé. Ẹ má fi ohun tuntun wọ ìje.

Bí oríkèé tàbí egungun kan bá ń dùn yín débi tí ẹ fi ń tiro, ẹ dá eré dúró. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ ìje, wákàtí 5 ni kí ẹ fi sọ́kàn, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 6 fún kìlómítà kan. Ẹsẹ̀ á máa fẹ́ sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kìlómítà 10 àkọ́kọ́. Ẹ kọ̀ fún un. Bí agbára bá ṣì wà lára ní kìlómítà 32, ìgbà yẹn ni kí ẹ tẹsẹ̀ mọ́ ọn.