Ṣé iyọ̀ ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀ lè pa sọ́kàwéè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀ńjíníà. Under G la kọ́lé sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Omi bọ́hóòlù wa kì í jẹ́ kọ́ṣẹ hó, ìdí kẹ́tùlù máa ń funfun báláú, àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà fẹ́ ra water softener, ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀, fún wa, àmọ́ plọ́ńbà wa ní iyọ̀ ẹ̀ á pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ inú sọ́kàwéè, pé ọdún kan ò ní pé tó fi máa kún, àfi ká máa ra pàúdà kan tó máa dá kòkòrò náà padà lọ́wọ́ òun lóṣooṣù. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú ìnáwó ilé o. Ẹni kẹrin lẹ jẹ́ tó máa bi mí léyìí láàárín oṣù méjì, àwọn mẹ́ta tó ṣáájú yín ló sì ti ra pàúdà yẹn kí wọ́n tó bi mí, ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ìṣòro méjì lomi yín ní, ẹ̀yin wá kà á sí ọ̀kan. Funfun ìdí kẹ́tùlù, calcium àti magnesium ni, inú àpáta ló ti ń wá, òun náà ni ò jẹ́ kọ́ṣẹ hó. Pupa inú àwo ní tiẹ̀, irin ló jọ. Softener ò wà fún irin, kódà irin tó bá pọ̀ máa ń bo àwọn wóró kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ ni, á sì bà wọ́n jẹ́, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ti yọ irin kúrò kómi tó débẹ̀. Ẹ lọ yẹ omi yín wò ná. Yunifásítì LAUTECH ò kúkú jìnnà sí yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Òṣùwọ̀n omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 ní kí líle omi, èyí tí calcium àti magnesium ń fà, má kọjá 150 míligíráàmù nínú lítà kan, kí irin má kọjá 0.3. Tí tiyín ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fọ́mọ yín kó fowó yẹn ṣe nǹkan míì jàre.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iyọ̀. Àwọn wóró inú ẹ̀rọ yẹn ló máa ń gba calcium mú, tí wọ́n á fi sodium rọ́pò ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbà á yó, ẹ̀rọ á fi omi iyọ̀ ṣan ara ẹ̀, á da omi iyọ̀ yẹn àti calcium inú ẹ̀ nù. Ohun tó ń dà nù yẹn ni plọ́ńbà yín ń bẹ̀rù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ó lo iyọ̀ kílò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, tó sì dà á sínú táǹkì tó gba 4,000 lítà, ìyẹn ò ju gíráàmù kan nínú lítà kan lọ. Omi òkun ní tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, kòkòrò àìfojúrí sì kún inú òkun fọ́fọ́, kí ló wá fẹ́ pa tinú ìgbẹ́ yín? Àwọn University of Wisconsin ní Amẹ́ríkà ti wo ọ̀rọ̀ yìí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọn ò rí i pé iyọ̀ softener tí wọ́n ṣètò dáadáa ń pa kòkòrò inú táǹkì. Ohun tó ń pa wọ́n ni Izal, blíìṣì àti caustic soda tẹ́ ẹ̀ ń dà sí ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbogbo Sátidé kó lè máa ta sánsán! Plọ́ńbà ò sọ ìyẹn fún yín, àbí? Pàúdà ẹ̀ náà, ẹ ò nílò ẹ̀, ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni ti ní kòkòrò tó pọ̀ tó nínú lọ́fẹ̀ẹ́. Tí táǹkì bá kún, ẹ pe àwọn tó ń kó o, kò sí pàúdà tó ń sọ ìgẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí táǹkì di òfo.

Mi ò sọ pé kò sí ewu kankan o. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní sọ́kàwéè, méjì ni: táǹkì tí ìgbẹ́ ń dì sí, àti ihò tómi ẹ̀ ń gbà wọlẹ̀. Ihò kejì yìí ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ilẹ̀ wa níbí, ẹ ò ní gbẹ́ ẹ jìn kẹ́ ẹ tó kan àpáta láwọn ibì kan, ibòmíì sì jẹ́ amọ̀, omi kì í tètè wọ̀ ọ́, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ̀rọ náà lè da nǹkan bí 200 lítà nù lẹ́ẹ̀kan tó bá ń ṣan ara ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì oní-25 mẹ́jọ nìyẹn, àwọn kan sì wà tó jẹ́ aago ló ń darí wọn, bóyá ẹ lomi o, bóyá ẹ ò lò ó, alaalẹ́ ni wọ́n ń da tiwọn. Ẹ má ra irú ẹ̀. Èyí tó ń ka iye omi tẹ́ ẹ lò ni kẹ́ ẹ rà. Sodium tó bá sì pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí amọ̀ dí pinpin, ìyẹn gan-an ló lè ba ihò yẹn jẹ́, kì í ṣe ikú kòkòrò. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀ ni tiyín, ẹ jẹ́ kí omi ìṣanra yẹn gba páìpù tiẹ̀ lọ sí ihò tiẹ̀, lápá ìsàlẹ̀ ilé, kó jìnnà sí kànga àti bọ́hóòlù, tiyín àti tàwọn ará ilé kejì. Kò gbọ̀dọ̀ dé ìdí ẹ̀fọ́ o.

Ẹ ní kí omi softener má dé ẹnu ẹ̀rọ kíṣìnnì, omi mímu àti omi ọbẹ̀ kó máa wá tààrà. Omi tí líle ẹ̀ tó 250 máa ń gba nǹkan bíi 115 míligíráàmù sodium sórí lítà kan lẹ́yìn softener, tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá sì ń bá Dádì jà, ẹ bi dókítà wọn, èmi kì í ṣe dókítà.

Mi ò tíì rílé yín, ìwọ̀nba ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo fi ń dáhùn. Èsì omi yẹn ni n ó kọ́kọ́ wò. Tó bá jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sì jẹ́ n mọ ibi tí bọ́hóòlù wà sí táǹkì, kọ́mọ tó sanwó ohunkóhun.